Ilẹ̀kùn Tó Ń Kí Susanna

Ẹ̀rọ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé Susanna ló ṣílẹ̀kùn náà, Ọ̀gá Adéjùmọ̀ sì ti fi bírò pupa fàlà sí abẹ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ẹni pé ìlà kan ò tó láti fi ba ayé obìnrin jẹ́.

Ó ti bébà gígùn tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde síwájú lórí tábìlì. "Ẹ fojú ara yín rí i, Sájẹ́ǹtì. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Káàdì kejì. Ta ló ni káàdì kejì? Susanna. Aago mẹ́rin la sì ti ṣíwọ́. Kí ló tún ṣílẹ̀kùn fún?"

Sájẹ́ǹtì Hùmúàní wo ìwé náà. Láti ìdájí ló ti kúrò n'Ílọrin, ọ̀nà sì ti gbọ̀n ọ́n dé Òsí bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ ń dùn ún. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó sì ti sú u láti máa gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n ti dá kó tó dé. Wọn ò rán an wá ronú. Wọ́n rán an wá mú èèyàn ni. Mọ́tò ọlọ́pàá tó gbé e wá ti kọjá lọ sí Ìlọ́fà láti fi lẹ́tà kan jíṣẹ́, aago méjì ọ̀sán ni yóò padà wá gbé òun àti Susanna lọ sí Ìlọrin.

"Èèyàn lè purọ́," ni Ọ̀gá Adéjùmọ̀ tún wí. "Ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi í ní ìbéèrè tí kò yẹ, ìdáhùn tí kò yẹ náà ló máa gbọ́," ni Hùmúàní dá a lóhùn. Ó ká bébà náà sábẹ́ apá, ó dìde, orúnkún rẹ̀ sì dún.

Ọ̀rọ̀ náà ò ta kókó púpọ̀. Oko-Tùntún ni wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ náà, katakátà mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń túlẹ̀ oko fún àwọn àgbẹ̀ Òsí, Òkè-Ọ̀pin àti Odò-Ọwà. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́dún 1985, àwọn òyìnbó tó dá a sílẹ̀ gbé ilẹ̀kùn kan dé tí kò ní ihò kọ́kọ́rọ́. Àpótí dúdú kékeré kan ló wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní ojú ilẹ̀kùn. Bí káàdì bá ti sún mọ́ ọn, kò tiẹ̀ nílò kó fara kàn án, òòfà tó di ilẹ̀kùn mú á tú u sílẹ̀. Káàdì mẹ́ta péré ló wà láyé fún un: ti ọ̀gá, ti Susanna tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀, àti ti Japhet tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Susanna wọ sítọ́ọ̀, kò bá pọ́ǹpù epo katakátà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n tú pamọ́ sórí pẹpẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn àgbẹ̀ ń retí. Susanna fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ fún ọ̀gá, òun náà sì ni wọ́n dì mú.

Inú yàrá kékeré kan tí wọ́n ń kó àpò àjílẹ̀ sí ni wọ́n fi í sí. Ó tó ẹni ọdún méjìdínlógójì, ojú rẹ̀ ti wú. Okùn káàdì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Bó ti rí Hùmúàní, ó kúnlẹ̀.

"Dìde, Susanna. Ilẹ̀ yẹn tutù. Ta lo yá ní káàdì rẹ?"

"Mi ò yá ẹnikẹ́ni, mà. Ọrùn mi ló máa ń wà. Tí mo bá délé, abẹ́ Bíbélì mi ni mo ń fi í sí."

"Lọ́jọ́bọ̀, kí lo padà wá mú?"

"Mi ò padà! Aago mẹ́rin mo jáde, mo kí bàbá ẹ̀ṣọ́ pé ó dàárọ̀, mo lọ sílé. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ẹ̀rọ ní o ṣílẹ̀kùn."

"Mo gbọ́." Ó nu imú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, láti ọjọ́ Jímọ̀ ni aládùúgbò ti ń bá mi wo Fúnmilọ́lá ọmọ mi; bẹ́ ẹ bá gbé mi lọ lónìí, ta ló máa máa wà nílé tó bá ti ilé ìwé dé? Bàbá rẹ̀ ti kú. Bí wọ́n bá gbé mi wọ mọ́tò ọlọ́pàá kọjá láàárín ìlú yìí, tí mo bá tún padà wá láre, ta ló máa gbà á gbọ́? Olè ni wọ́n máa máa pe ìyá rẹ̀ títí wọ́n á fi gbé e níyàwó."

Hùmúàní mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó ti rí i rí, ní ìlú tó ju márùn-ún lọ. Ó na ọwọ́ sí i. "Bọ́ káàdì yẹn fún mi."

Ó fi í sínú báàgì rẹ̀, ó jáde.

Iwájú sítọ́ọ̀ náà jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró. Ògiri wà ní apá kan, àwọn àgbá epo tò sí apá kejì. Láàárín wọn, bẹ́ǹṣì kan wà tí wọ́n gbé lábùú, bàbá arúgbó kan sì jókòó sórí rẹ̀ tó fi èjìká ti ògiri. Bàbá Ṣítù ni, ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun. Lẹ́yìn ilé, jẹnẹrétọ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù.

Ọkùnrin kan ń da omi sínú ife fún bàbá. Nígbà tó rí Hùmúàní, ó sáré bu tirẹ̀ náà wá. "Ẹ kú ọ̀nà o, Sájẹ́ǹtì. Èmi ni Adégbìtẹ́, olórí àwọn awakọ̀ katakátà. Ẹ mu omi, oòrùn yìí pọ̀."

"Ẹ ṣeun." Ó mu ún tán. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá, orúnkún tó ń dun ni tàbí èyí tí kò dun ni, torí ìyá tó bí i kò kọ́ ọ láti kí arúgbó lóòró. "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo dé? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ ńkọ́?" Ìkíni bàbá ò kánjú. Ó kí i dé orí àwọn àna rẹ̀, orúnkún Hùmúàní sì ń dùn ún sí i bó ti ń kí i.

"Bàbá, ta lẹ rí ní ẹnu ọ̀nà yìí lọ́jọ́bọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin?"

"Rí ke! Ojú wo? Etí ni mo fi ń ṣọ́ ibí. Ọ̀gá máa ń wọ bàtà tó ń dún kò-kò-kò. Japhet máa ń súfèé. Susanna ní tirẹ̀…" Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ilẹ̀kùn yìí fẹ́ràn Susanna. Tó bá ti ń kí mi, ilẹ̀kùn náà á kí i. Á ní kló!"

Adégbìtẹ́ rẹ́rìn-ín. "Bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀ àwàdà."

"Ọmọ dáadáa lèyí," ni bàbá wí, ó nawọ́ sí ibi tó gbọ́ ohùn rẹ̀. "Abẹ́ máńgòrò lọ́hùn-ún ni mo ń jókòó tẹ́lẹ̀. Oòrùn ń pa mí. Òun ló gbé bẹ́ǹṣì mi wá síbí fúnra rẹ̀ ní oṣù kejì, kó tó to àwọn àgbá yìí kí atẹ́gùn má baà fẹ́ mi jù. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún arúgbó láyé ìsinsìnyí?"

Hùmúàní di ògiri mú láti dìde. Bó ti ń nàró, ó rí ojú ilẹ̀kùn, àpótí dúdú náà, ní ìsàlẹ̀, kò ga ju ìbàdí lọ. Ó wo òkè ilẹ̀kùn pẹ̀lú, níbi tí irin rẹ̀ ti ń pàdé òòfà. Nǹkan kan tó ń lẹ̀ wà lára irin náà. Ó fi ìka kàn án. Gọ́ọ̀mù ni. Fọ́nrán páálí tíntín kan ṣì wà nínú rẹ̀. Ó nu ìka rẹ̀, kò sọ fún ẹnì kankan.

Japhet ni ìfura rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń tú rédíò lórí tábìlì nígbà tó wọlé tọ̀ ọ́.

"Tí NEPA bá mú iná lọ, ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́?"

"Ẹ kú àròjinlẹ̀, mà. Òun ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń bi mí. Bátìrì wà nínú rẹ̀, ó ń lo ọjọ́ méjì gbáko. Kì í tú u sílẹ̀."

Hùmúàní kàn ń gbìyànjú ni tẹ́lẹ̀. "Ṣé èèyàn lè ṣe ẹ̀dà káàdì?"

Japhet gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ṣeé ṣe. Káàdì yìí ò mọ̀ ju nọ́ńbà kan lọ. Ojú ilẹ̀kùn á bi í pé ta ni, káàdì á pe nọ́ńbà, ó parí. Ẹnikẹ́ni tó bá lè pe nọ́ńbà yẹn, ilẹ̀kùn á ṣí fún un. Kò bìkítà ẹni tó mú un dání."

"Ta ló lè ṣe é ní gbogbo agbègbè yìí?"

"Èmi nìkan."

"O gbójú o."

"Tí mo bá parọ́, ẹ ṣì máa mọ̀." "Ṣùgbọ́n èmi kọ́, mà. Èmi ni mo sọ fún ọ̀gá pé ilẹ̀kùn yìí kò tó nǹkan. Ó mọ ìgbà tó ṣí, kò mọ̀ bóyá ó padà tì. Ó mọ káàdì, kò mọ èèyàn. Ọ̀gá ní kí n pa ẹnu mi mọ́, pé òyìnbó ló ṣe é."

Hùmúàní jókòó sórí àga rẹ̀ láì gbàṣẹ. Bí Japhet bá ní ẹ̀dà, ọjọ́ Àìkú ni yóò lò ó, nígbà tí gbogbo èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ni yóò fi ẹ̀dà káàdì jalè ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, tí arúgbó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà? Rárá. Kì í ṣe èyí.

Ó tú bébà náà. Ọ̀gá Adéjùmọ̀ ti fàlà sí ibì kan ṣoṣo, kò sì wo ibòmíràn. Ìyẹn ni wàhálà ẹni tó bá ti rí ohun tó ń wá. Hùmúàní fi ìka tẹ̀ lé káàdì kejì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ọjọ́rú, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ọjọ́ Ajé, mẹ́jọ. Ojoojúmọ́ ni! Ní òwúrọ̀ pàápàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni káàdì náà máa ń ṣílẹ̀kùn, ìṣẹ́jú méjì sí ara wọn.

"Japhet, tí èèyàn bá fẹ́ jáde, ṣé ó nílò káàdì?"

"Rárá, mà. Bọ́tìnnì ló ń tẹ̀ nínú. Ìwé kì í kọ ọ́."

"Nígbà náà, obìnrin tó ń lọ sílé kò yẹ kó hàn níbí rárá." Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Olè wo ló máa ṣílẹ̀kùn lójoojúmọ́ kó tó jí nǹkan lẹ́ẹ̀kan?"

Ó ń ka ìwé lọ. Ó dé oṣù kìíní, kò rí i mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóòwúrọ̀, irọ̀lẹ́ kò sí. Oṣù kejì ló bẹ̀rẹ̀. Ó padà sísàlẹ̀. Nǹkan kan ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ kan wà nínú ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí òwúrọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n tí ìgbà ìṣíwọ́ kò ní nǹkan kan. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Jímọ̀," ló wí. "Lọ́jọ́ Jímọ̀, aago mélòó lẹ ń ṣíwọ́?"

"Aago kan, mà."

"Níbo ni Bàbá Ṣítù máa ń wà ní aago kan ọjọ́ Jímọ̀?"

Japhet, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ olùṣọ́ ìjọ Aládùúrà, ṣẹ́jú. "Ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹnu ọ̀nà."

"Ìwọ ni o rò bẹ́ẹ̀. Mọ́ṣáláṣí ló wà. Ó ti lọ láti aago méjìlá." Hùmúàní dìde, ó gbàgbé orúnkún rẹ̀ pátápátá. "Tí bàbá bá wà, ilẹ̀kùn ń ṣí. Tí bàbá ò bá sí, kì í ṣí. Ah! Arúgbó yẹn ò ṣàwàdà rárá. Èmi ni etí mi di."

Ó fa káàdì Susanna jáde nínú báàgì, ó fi í kọ́ ọrùn, ó sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró náà lọ, Japhet ń tẹ̀ lé e. Ó dúró níwájú bẹ́ǹṣì. Káàdì náà wà láyà rẹ̀, ojú ilẹ̀kùn wà nísàlẹ̀ ní ìbàdí. Kò sí nǹkan kan. Ó wá kúnlẹ̀. Àwọn àgbá sún un mọ́ ògiri. Ó tẹ orí ba síwájú bó ti yẹ, káàdì náà fì síwájú.

"Ẹ káàsán o, Bàbá."

Kló!

"Háà!" ni bàbá pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti kí ìwọ náà!"

Japhet gbá orí mú. "Olúwa mi ò! Mi ò kúnlẹ̀ rí. Inú báàgì irinṣẹ́ ni tèmi máa ń wà. Ọ̀gá náà, àpò àyà ẹ̀wù ni tirẹ̀ ń gbé."

"Òyìnbó tó gbé e sí ìbàdí, ẹni tó máa nàró kọjá ló ń rò," ni Hùmúàní wí láti ilẹ̀. "Kò rò ó pé ẹnì kan máa kúnlẹ̀. Fà mí dìde."

Aago kan àbọ̀ ti lù nígbà tó pe gbogbo wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà: ọ̀gá, Japhet, Susanna, àti Adégbìtẹ́ tó ṣì ní ife omi lọ́wọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì fẹ́ ìjà. Ó ṣàlàyé ìkúnlẹ̀ náà fún wọn ní ṣókí, àti bí jẹnẹrétọ̀ ti ń bo ìró ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò bá fetí sí i. Susanna bo ẹnu. Ọ̀gá Adéjùmọ̀ ń wo bírò pupa tó wà nínú àpò ara rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n káàdì Susanna kàn ṣílẹ̀kùn ni," ni ọ̀gá wí. "Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré ló máa fi wà ní ṣíṣí, á tún padà tì."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Àfi tí ẹnì kan bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tó ń dara pọ̀ nínú ìkíni, tó sì fi nǹkan há a kó má baà tì."

Adégbìtẹ́ rẹ́rìn-ín, ó mi orí. "Sájẹ́ǹtì, ẹ má bínú o. Páálí wo ló máa dá irú òòfà yẹn dúró láti aago mẹ́rin títí dìgbà tí bàbá máa lọ kírun mọ̀ngàríbì?"

Jẹnẹrétọ̀ ń ké. Hùmúàní wò ó, wíwò tó pẹ́, kò sì sí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀.

"Ta ló sọ páálí fún ọ?" Títí di ìgbà yẹn, ẹ ni ó ń pè é. "Nǹkan ni mo wí. Mi ò sọ páálí. Mi ò sì dárúkọ mọ̀ngàríbì."

"Mo… mo kàn sọ ọ́ ni."

"Ìwọ lo gbé bẹ́ǹṣì wá. Ìwọ lo to àgbá, kí ẹni tó bá kúnlẹ̀ má lè jìnnà sí ògiri. Gọ́ọ̀mù rẹ ṣì wà lókè ilẹ̀kùn. Níbo ni pọ́ǹpù wà, Adégbìtẹ́? Má jẹ́ kí n wá a. Orúnkún ń dùn mí."

Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀gá, ó wo ilẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Abẹ́ iṣu, ní abà mi lọ́nà Òkè-Ọ̀pin. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń wa katakátà oníkatakátà. Mo ti rí àlòkù kan rà, pọ́ǹpù rẹ̀ ló kù, mo sì fẹ́ ta mẹ́ta yòókù… Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa mú Susanna. Mo rò pé ẹ̀rọ ni wọ́n máa dá lẹ́bi."

"Irọ́," ni Susanna wí. Ọ̀rọ̀ kan yẹn péré ni, kò sì gbé ohùn rẹ̀ sókè. "Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti wà nínú yàrá àjílẹ̀. Ìwọ lo ń gbé oúnjẹ wá fún mi."

Adégbìtẹ́ ò lè wò ó lójú.

Mọ́tò ọlọ́pàá dé ní aago méjì kọjá díẹ̀. Wọ́n gbé Adégbìtẹ́ wọ ẹ̀yìn. Ọ̀gá Adéjùmọ̀ ń sọ̀rọ̀ kíákíá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ojú ń tì: wọ́n máa gbé bẹ́ǹṣì kúrò, wọ́n máa gbé ojú ilẹ̀kùn sókè, àti pé láti òní lọ, òfin ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yìí mọ́. Ó ń wá ọ̀nà tó máa gbà bẹ Susanna, ṣùgbọ́n òfin ló ń bọ́ sí i lẹ́nu.

Kò sẹ́ni tó rántí Bàbá Ṣítù. Ó ṣì jókòó síbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Hùmúàní ló kọ́kọ́ rí i pé bàbá ń sunkún.

"Ìkíni mi ni wọ́n fi jalè," ni bàbá wí. "Torí bẹ́ǹṣì tó gbé fún mi, mo máa ń gbàdúrà fún un. Ìyá Fúnmilọ́lá, ṣé o wà níbẹ̀? Má kúnlẹ̀ fún mi mọ́. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ́ sẹ́wọ̀n."

Susanna na ọwọ́ sí Hùmúàní, Hùmúàní sì bọ́ káàdì náà lọ́rùn, ó fún un. Susanna mú un, ó rìn jáde nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gba àgbàlá kọjá lọ sí ìdí máńgòrò níbi tí bẹ́ǹṣì wà tẹ́lẹ̀, ó fi okùn rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka kan. Ọ̀gá ń pè é pé kó má fi káàdì ilé-iṣẹ́ síta. Kò wẹ̀yìn. Ó padà wá láìní nǹkan kan lọ́rùn, ó kọjá lára ọ̀gá, ó wọ àárín àgbá àti ògiri, ó kúnlẹ̀, ó sì fi orí balẹ̀ ju bó ti máa ń ṣe lọ.

"Ẹ káàsán o, Bàbá mi."

Hùmúàní dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́tò, ó tẹ́tí. Ilẹ̀kùn náà dákẹ́.

Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Káàsán, ọmọ mi," ló wí. "Ilé ńkọ́? Fúnmilọ́lá ńkọ́?"